Ibà ni àbí Kòrónà? Abẹ́rẹ́, àyẹ̀wò àti ìtọ́jú: èwo ló yẹ kí ilé yín náwó lé ní Òṣogbo

Ẹnu mẹ́fà ló ń jẹun ní ilé wa ní Òkè-Báálẹ̀. Màámi ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ti ń bá wọn fínra láti ọjọ́ pípẹ́. Ọmọ mi kejì ní ikọ́ fée. Ọkọ mi ń fi bọ́ọ̀sì gbé èrò láti Òṣogbo lọ sí Ìkìrun. Ẹni tó bá húkọ́ lẹ́yìn ọkọ̀, òun àti ọkọ mi ni wọ́n jọ ń pín afẹ́fẹ́ náà. Èmi ń ta àdìrẹ. Bí ọyẹ́ bá ti ń múra àtidé báyìí, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín èmi àti baba àwọn ọmọ: owó díẹ̀ tó wà nílẹ̀ yìí, ṣé ká fi gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ni, ṣé ká fi ra ohun èlò àyẹ̀wò sílé, àbí ká so ó mọ́ ìdí aṣọ de ọjọ́ tí ara ẹnì kan bá gbóná?

Èmi kì í ṣe dókítà o. Ohun tí mo kọ síbí, díẹ̀ nínú rẹ̀ ni mo gbọ́ lẹ́nu nọ́ọ̀sì, díẹ̀ ni mo bi apòògùn, èyí tó kù ni mo fi owó ara mi kọ́.

Ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n

Owó ni àkọ́kọ́, irọ́ ni kéèyàn sọ pé kì í ṣe òun. Ṣùgbọ́n ẹ má ka iye tí wọ́n kọ sára páálí nìkan. Ẹ ka owó ọ̀kadà àlọ àti àbọ̀, ẹ ka ọjà tí ẹ ò ní lè tà lọ́jọ́ náà. Èkejì: tí nǹkan náà bá sọ̀rọ̀, ṣé ó ṣe é gbà gbọ́? Ẹ̀kẹta ló wúwo jù lójú tèmi: ta ló wà nínú ilé yín? Kì í ṣe ẹni tó ń sá sókè sódò ni mò ń wí. Ẹni tí àìsàn náà lè gbé dè ni. Arúgbó, aboyún, ọmọ ọwọ́, ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ikọ́ fée, àìsàn ọkàn tàbí fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹni yẹn ni mo fi ń díwọ̀n gbogbo ohun tó kù. Ilé tó jẹ́ pé géńdé ni gbogbo wọn, tí ara wọn sì le, ìpinnu tiwọn yàtọ̀ sí tiwa pátápátá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya àwọn àìsàn náà sọ́tọ̀, torí "ibà" la máa ń pe gbogbo wọn. Ọ̀fìnkìn lásán máa ń yọ́ wọlé ni: imú á kọ́kọ́ máa yún yín, ọ̀fun á tẹ̀lé e, ó di ọjọ́ kejì kí ara tó rò yín. Fúlúù kì í yọ́. Èèyàn lè di ẹrù aṣọ láàárọ̀ kó má ṣe é ní nǹkan kan, kó tó di ọ̀sán egungun ẹ̀yìn á máa ro ó bí ẹni tí wọ́n fi igi nà. Láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́rin lẹ́yìn téèyàn bá kó o ló máa ń jáde. Kòrónà lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, láti ọjọ́ 2 títí dé ọjọ́ 14, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tó ń jà káàkiri láti ọdún 2022 máa ń tètè yọjú, bí ọjọ́ mẹ́ta péré. Ibà ẹ̀fọn ní tirẹ̀ ń mú òtútù, ooru àti òógùn wá, kì í sábà mú imú ṣomi. Mo ní "kì í sábà" o. Ọmọdé tó ní ibà lè máa húkọ́, àgbàlagbà tó ní Kòrónà lè máa gbọ̀n jìnnìjìnnì. Ojú lásán kò lè yà wọ́n, ibẹ̀ gan-an sì ni owó ti máa ń ṣòfò.

Abẹ́rẹ́ Kòrónà

Ọjọ́ 2 oṣù Kẹta ọdún 2021 ni abẹ́rẹ́ Kòrónà àkọ́kọ́ balẹ̀ sí Abuja, AstraZeneca tó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ni Moderna, Pfizer àti Johnson & Johnson dé. Ọ̀fẹ́ ni ìjọba fi gbogbo wọn ṣe. Ẹ ó rántí bí àwọn kan ṣe ń lẹ owó onírin mọ́ apá wọn, wọ́n ní òòfà wà nínú abẹ́rẹ́. Àwọn mìíràn ní èyí tó ti bàjẹ́ ni òyìnbó kó fún wa. Ọ̀rọ̀ ti àwọn ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ní gbòǹgbò díẹ̀: lóòótọ́ ni ọjọ́ apá kan nínú èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé kí wọ́n tó gbé e dé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, ìjọba kó èyí tó lé ní mílíọ̀nù kan lọ sí ààtàn ní Abuja, wọ́n fi katakata tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Wọ́n dà á nù ni, wọn ò fi gún ẹnikẹ́ni.

Tó bá jẹ́ ti owó, kò sí èyí tó rọrùn tó o: owó ọkọ̀ àti sùúrù. Sùúrù, nítorí pé kí wọ́n tó kó AstraZeneca kúrò lọ́jà ní ọdún 2024, ìgò rẹ̀ kan, ti èèyàn mẹ́wàá ni, tí wọ́n bá sì ti fi abẹ́rẹ́ kan ìdérí rẹ̀, wákàtí mẹ́fà péré ló máa ń kù fún un. Ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀sì fi ní ká jókòó kí èèyàn pé. Inú bí mi lọ́jọ́ náà, mo rò pé wọ́n ń fi wá ṣeré ni. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ béèrè ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé àdúgbò yín bóyá ó wà nílẹ̀, torí kì í ṣe ojoojúmọ́ ló máa ń wà.

Ṣé ó ṣe é gbọ́kàn lé? Tó bá jẹ́ pé ẹ ń retí kí ẹ má kó Kòrónà mọ́ láéláé, ẹ máa bínú. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé tí ẹ bá kó o, kó má gbé yín dé orí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ti ń fún èèyàn ní atẹ́gùn. Agbára rẹ̀ sì ń rọlẹ̀ bí oṣù ṣe ń gorí oṣù. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kéde ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé pàjáwìrì Kòrónà ti kásẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò sọ pé àìsàn náà ti lọ. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí wọ́n fi arúgbó, aboyún, àwọn tó ní àìsàn lára àti òṣìṣẹ́ ìlera ṣíwájú. Ọmọ tí ara rẹ̀ le kò sí lára àwọn tí wọ́n ń kánjú lé lórí. Nítorí náà, Màámi gbà á, wọ́n sì tún gbà á ṣe àfikún. Àwọn ọmọ ò tíì gbà á, kò sì gba oorun lójú mi.

Abẹ́rẹ́ fúlúù

Èyí ni ọ̀pọ̀ wa ò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà. Kò sí lára àwọn àjẹsára tí ìjọba ń fún ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́, àpò ara yín lẹ máa ti mú un. Fámásì ńlá àti ọsibítù aládàáni ni ẹ ti máa rí i, tí dọ́là bá sì ti gbéra, òun náà á gbéra, torí òkè òkun ló ti ń wá. Ẹ ó tún gbà á lọ́dọọdún ni. Fáírọ́ọ̀sì fúlúù kì í jókòó sójú kan. Ó ń pààrọ̀ aṣọ lọ́dọọdún. Ìdí nìyẹn tí WHO fi ń ṣèpàdé lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní oṣù Kejì àti oṣù Kẹsàn-án, láti yan irú èyí tí wọ́n máa fi ṣe abẹ́rẹ́ tuntun.

Lọ́dún tí wọ́n bá yàn án bá a mu, ó ń dín ewu pé kí fúlúù gbé èèyàn dé ọ̀dọ̀ dókítà kù ní bí ìdá 40 sí 60 nínú 100. Kì í ṣe odi o, ṣùgbọ́n ó ju kí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ló ń gbà kó tó ràn lára, nítorí náà ẹni tó bá dúró de ìgbà tí gbogbo àdúgbò ń húkọ́ ti pẹ́. Èmi máa ń fẹ́ kó bọ́ sí oṣù Kẹwàá tàbí Kọkànlá, kí ọyẹ́ tó wọlé, ṣùgbọ́n níbi tiwa níhìn-ín fúlúù kì í wo kàlẹ́ńdà bíi ti ìlú òyìnbó. Ìgbà òjò náà wà fún un. Láti ọmọ oṣù mẹ́fà lọ sókè ló lè gbà á. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́sàn-án tó ń gbà á fún ìgbà àkọ́kọ́ máa gba méjì, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láàárín wọn, ẹ tètè fi ìyẹn sínú ìṣirò yín kó má bàa já lù yín. Aboyún lè gbà á, àǹfààní rẹ̀ sì ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú.

Ẹ̀sùn tí mo ní sí i ni ọ̀rọ̀ iná. Inú fíríìjì ló gbọ́dọ̀ máa gbé, láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kò sì gbọ́dọ̀ dì. Nínú ìlú tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ yìí, ìbéèrè mi àkọ́kọ́ níwájú káńtà kì í ṣe iye owó. "Ẹ kú iṣẹ́ o, aǹtí. Nígbà tí iná lọ ní àná, kí ló gbé fíríìjì yín?" Apòògùn tó mọ iṣẹ́ kò ní bínú, á mú yín lọ wo òṣùwọ̀n ara fíríìjì náà. Èyí tó bá fajú ro, mo ti yí padà nìyẹn.

Wọ́n máa ń sọ pé abẹ́rẹ́ náà ló ń kó fúlúù ranni. Kò rí bẹ́ẹ̀, kòkòrò tó wà nínú rẹ̀ ti kú. Apá á dun yín, ara lè gbóná díẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Ẹ sì lè gba òun àti ti Kòrónà lọ́jọ́ kan náà, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa wọ ọkọ̀.

Ẹni tí kò bá gba ìkankan ńkọ́? Fèrèsé ṣíṣí, ìbòmú àti ọwọ́ fífọ̀ ló kù fún un. Ọkọ mi ń ṣí fèrèsé bọ́ọ̀sì rẹ̀, èrò á máa kùn pé eruku ọyẹ́ ń wọlé. Kì í ṣe òní ni ọkọ̀ ti ń gbé ikọ́ wọ Òṣogbo. Ọdún 1907 ni ọkọ̀ ojú irin dé ibí. Nígbà tí fúlúù ńlá ọdún 1918 gba ojú omi wọ Èkó, ojú irin yìí náà ló bá wọ àárín ilẹ̀.

Àyẹ̀wò: ibi tí mo ti sanwó ilé ẹ̀kọ́

Ọyẹ́ ọdún méjì sẹ́yìn ni ara Màámi gbóná. Wọ́n ní, "Ibà ni, ọmọ mi, wá àgbo fún mi." Wọ́n mu àgbo. Lọ́jọ́ kejì mo lọ ra òògùn ibà ní ìsọ̀ kan. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ kò béèrè ju ọjọ́ orí wọn lọ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í da òògùn sínú ọ̀rá: funfun méjì, òféèfèé kan, pupa rẹ́súrẹ́sú mẹ́ta. Wọ́n lò ó tán. Lọ́jọ́ kẹrin wọ́n tún gba abẹ́rẹ́ ibà. Lọ́jọ́ kẹfà Màámi fẹ́ pe orúkọ mi, wọ́n gé e sí méjì: wọ́n pe ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n mí, wọ́n tó pe ìparí. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù bà mí. Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì gún wọn níka, ibà kò sí níbẹ̀. Ó ki ọ̀pá olówùú bọ imú wọn, ìlà méjì jáde: Kòrónà ni. Oru mẹ́rin ni wọ́n fi wà lórí atẹ́gùn. Owó oru mẹ́rin yẹn ni mo fi ń wo gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí.

Àyẹ̀wò ibà ló yẹ kó ṣíwájú ní Òṣogbo, ohun yòówù kí ẹ rò. Orílẹ̀-èdè wa nìkan ló ń gbé bí ìdá mẹ́rin kan nínú gbogbo ibà ẹ̀fọn àgbáyé, nítorí náà ẹni tí ara rẹ̀ gbóná níhìn-ín tí kò yẹ ibà wò ń fi ẹ̀mí ṣeré. Ó rọrùn lówó jù nínú gbogbo àyẹ̀wò. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan láti orí ìka, omi láti inú ìgò kékeré tó bá a wá, ìṣẹ́jú 15 sí 20, ó ti sọ̀rọ̀. Ó ní àbùkù méjì tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lo òògùn ibà tán, ó ṣì lè máa sọ pé ibà wà fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, bẹ́ẹ̀ kòkòrò ti kú. Èkejì, tó bá ní ibà wà, kò sọ pé Kòrónà ò sí. Méjèèjì lè gun èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ẹ bá ti lo òògùn ibà fún ọjọ́ mẹ́ta bó ṣe yẹ, tí ikọ́ àti ooru ara ò kúrò, ẹ má ra ọ̀rá òògùn ibà kejì. (Àyẹ̀wò táífọ́ọ̀dù olójú ẹsẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Widal, tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ti ibà, ẹ fi í sílẹ̀. Nínú ìlú bíi tiwa, kì í ṣòro fún un láti sọ pé "ó wà".)

Àyẹ̀wò Kòrónà tí èèyàn ń ṣe fúnra rẹ̀ nílé wọ́n ju ti ibà lọ, kì í sì í sí ní gbogbo kẹ́mísì. Bó ti ń ṣiṣẹ́ kò le: ọ̀pá olówùú sínú ihò imú méjèèjì, ẹ yí i po dáadáa, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi rẹ̀, ẹ kán an sórí páálí ike. Alẹ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe é fún ara mi, iná ti lọ. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, mo gbé e súnmọ́ ojú. Ìlà C, èyí tó ń fi hàn pé àyẹ̀wò náà ṣiṣẹ́, mọ́lẹ̀ kedere. Lábẹ́ T, nǹkan kan wà níbẹ̀ tó tín-ín-rín bí òwú tí wọ́n fi rán àdìrẹ alábẹ́rẹ́ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Ọkọ mi ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo ní ó wà. Ó wà lóòótọ́: ìlà tó bá ti yọ lábẹ́ T láàárín àkókò tí wọ́n kọ sínú ìwé rẹ̀, bó ti wù kó ṣá tó, Kòrónà ni. Èyí tó bá yọ lẹ́yìn tí ẹ gbàgbé e sórí tábìlì di ọjọ́ kejì, ẹ má kà á.

Tó bá ní "ó wà", ẹ gbà á gbọ́. Tó bá ní "kò sí", ẹ má tíì jó. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ àti ìkejì, kòkòrò lè má tíì pọ̀ tó nínú imú. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn wákàtí 48. Ìtumọ̀ èyí ní ti owó ni pé kò sẹ́ni tó ń ra ẹyọ kan; méjì-méjì ni, ẹ sì fi iye yẹn ṣírò kí ẹ tó sọ pé ó wọ́n jù tàbí kò wọ́n.

Ooru jẹ́ ọ̀tá rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé kó má kọjá ìwọ̀n 30. Ọkọ mi fi páálí kan sílẹ̀ níwájú bọ́ọ̀sì lábẹ́ oòrùn Ọláìyá láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí a lò ó, ìlà C gan-an kò jáde. Èyí tí C ò bá ti jáde, òkú ni, kò sọ "bẹ́ẹ̀ ni", kò sọ "bẹ́ẹ̀ kọ́". Inú yàrá tó tutù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò amọ̀, ni tiwa ń gbé báyìí.

Oríṣi kan tún wà tó ń wo Kòrónà àti fúlúù lẹ́ẹ̀kan náà, ọmọ-ìyá wa tó wà ní Amẹ́ríkà ló máa ń kó o sínú àpò nígbà tó bá ń bọ̀ wálé. Tí ẹ bá rí i, ẹ wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́, kí ẹ sì fi pamọ́ fún ẹni tí ara rẹ̀ kò le. Ìdí ni pé òògùn fúlúù tó ń jẹ́ oseltamivir máa ń ṣiṣẹ́ jù tí èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín wákàtí 48 tí àìsàn bẹ̀rẹ̀. Ti Kòrónà, Paxlovid, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá ọjọ́ márùn-ún tí àìsàn bẹ̀rẹ̀. Dókítà ló ń kọ méjèèjì. Fún Màámi, mímọ̀ kíákíá lè yí ìtọ́jú padà. Fún ọmọ ọdún 25 tí ara rẹ̀ le koko, ó mọ̀ ni, kò mọ̀ ni, ìsinmi àti omi náà lá jẹ́.

Àyẹ̀wò láàbù, PCR, ló mọ òótọ́ jù. Nígbà tí àwọn tó ń rìnrìn àjò ń ṣe é ní Èkó ní ọdún 2020, wọ́n ń san bí ₦50,000, wọ́n sì ń dúró de èsì. Kì í ṣe pé ọgbọ́n rẹ̀ jìnnà sí wa o: ní Ẹdẹ níbí, ní Yunifásítì Redeemer's, ni àwọn ilé ìwádìí ACEGID ti ka àbùdá fáírọ́ọ̀sì Kòrónà fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Áfíríkà, ní oṣù Kẹta ọdún 2020. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní kàtá ní Ìgbọ̀nà kò nílò rẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìgbà tí dókítà bá ní kí ẹ ṣe é.

Èyí tó kù ni kéèyàn máa méfò: "ibà ni". Ọ̀fẹ́ ni. Mo ti sọ iye tó ná mi.

Ìtọ́jú: ilé, ọ̀rá òògùn, àbí ọsibítù

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní fúlúù tàbí Kòrónà, ilé náà ni wọ́n ti ń yá. Ooru ara fúlúù máa ń lọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, ikọ́ lè dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀ láìsí wàhálà. Ẹ̀kọ gbígbóná, ọbẹ̀ olómi, omi púpọ̀, oorun. Parasitámọ́ọ̀lù oní-500 mg, méjì lẹ́ẹ̀kan fún àgbàlagbà, kó má sì ju mẹ́jọ lọ lóòjọ́. Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà nìyí: òògùn kàtá tí ẹ rà kún un sábà máa ń ní parasitámọ́ọ̀lù nínú, ẹ ka ẹ̀yìn páálí rẹ̀. Ẹni tó bá tún ń fi àgbo olọ́tí lé e, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń bá jà. Ẹ má fún ọmọ ní asipíríìnì, ẹ má sì fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ní oyin, kódà kí ikọ́ rẹ̀ máa dún bí ìlù.

Fífi aṣọ bo orí lórí omi híhó, tí gbogbo wa ṣe lọ́dún 2020, mo ṣe é, omi náà sì dà lé mi nítan. Àpá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Kò sí ẹ̀rí pé ó ń pa Kòrónà.

Ọ̀rá òògùn ti kẹ́mísì ló dà bí ẹni pé ó rọrùn láàárín ilé àti ọsibítù, òun ni mo kórìíra jù. Ampíkílọ́ksì àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò rí fáírọ́ọ̀sì mú. Wọ́n á kàn jẹ́ kí kòkòrò mìíràn gbọ́n sí òògùn tí ẹ máa nílò lọ́jọ́ iwájú. Ṣùgbọ́n n ò ní pa apòògùn gidi pọ̀ mọ́ àwọn tó ń da òògùn sínú ọ̀rá. Èyí tó wà ní Òkè-Fìà tí mò ń lọ báyìí á béèrè ìbéèrè mẹ́wàá kó tó ta ẹyọ kan, ó sì ti lé mi padà lẹ́ẹ̀mejì pé kí n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Ìgbà wo ni ilé ò tó mọ́? Tí èémí bá ń yára, tí èèyàn ò lè parí gbólóhùn kan, tí àyà ń dùn ún, tí ètè rẹ̀ dúdú sí búlúù, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dàrú, tàbí tí ara ti ń yá tó wá ṣàdédé padà gbóná. Ti ìkẹyìn yìí ni wọ́n máa ń gbójú fò. Òtútù àyà lè ti wọlé lẹ́yìn fúlúù. Fún ọmọdé, ẹ ka èémí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko nígbà tí kò bá sunkún: ọmọ tí kò pé oṣù méjì, 60 sókè, oṣù 2 sí 11, 50 sókè, ọdún kan sí márùn-ún, 40 sókè. Tó bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ ti ń wá ọkọ̀.

Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ìka, tó ń sọ bí atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó, wúlò fún ilé tó ní arúgbó. Tó bá ti wà nísàlẹ̀ 94, ẹ pe dókítà. Nísàlẹ̀ 90, ẹ má pe ẹnikẹ́ni, ẹ máa lọ. Ṣùgbọ́n ó máa ń purọ́. Nígbà tí àbúrò ọkọ mi ṣe nikáà tán, ikọ́ mú un, a fi ẹ̀rọ náà há ìka rẹ̀, ó ń sọ 86, bẹ́ẹ̀ ọmọbìnrin náà jókòó ó ń rẹ́rìn-ín. Làálì dúdú ló bo gbogbo orí ìka rẹ̀. A bọ́ ọ sí etí rẹ̀, kò gbà. A wá ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan tí làálì ò dé, ó di 97. Fún àwọ̀ dúdú bíi tiwa, ó tún lè sọ iye tó ga ju òótọ́ lọ, nítorí náà tí èémí bá ń yára tí ẹ̀rọ sì ní kò sí nǹkan kan, èémí ni kí ẹ gbà gbọ́.

Ta ni kó yan èwo

Ilé tó ní arúgbó tàbí aláìsàn, bíi tiwa: abẹ́rẹ́ méjèèjì fún ẹni yẹn nìkan, kí owó tó dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíì. Ọkọ mi bá mi jiyàn lórí èyí, ó ní òun tí òun ń kó o wálé ló yẹ kó kọ́kọ́ gba ti fúlúù. Ó ní ìdí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo ni owó náà tó, Màámi ni, lẹ́yìn wọn ọmọ oníkọ́ fée, lẹ́yìn náà òun. Ẹ ra àyẹ̀wò ibà méjì àti ti Kòrónà méjì sílé, kí ẹ sì wá ẹ̀rọ ìka náà, kódà kó jẹ́ pé ojúlé mẹ́ta ló máa dá owó rẹ̀.

Aboyún: fúlúù ni kó náwó lé, kó gba ti Kòrónà tó bá wà nílẹ̀. Tí ara rẹ̀ bá gbóná, kò gbọ́dọ̀ dúró yẹ ara rẹ̀ wò nílé. Ibà fún aboyún kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré, ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì tààrà ni.

Ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ tí owó ò tó: àyẹ̀wò ibà, omi oníyọ̀ àti ṣúgà, àti kíka èémí tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Tí owó bá tún kù, kó fi ra nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn kó tó ronú kan abẹ́rẹ́ fúlúù.

Olùkọ́, awakọ̀, ọlọ́jà, nọ́ọ̀sì, gbogbo ẹni tó ń pàdé èrò: tí kò bá sí aláìlera nílé, abẹ́rẹ́ Kòrónà ọ̀fẹ́ tó, kí ẹ sì máa ní ìbòmú nínú àpò. Ọjọ́ tí àìsàn bá mú yín, ẹ dúró sílé títí ara ò fi ní gbóná fún odidi ọjọ́ kan láìlo parasitámọ́ọ̀lù, lẹ́yìn rẹ̀ kí ẹ lo ìbòmú fún ọjọ́ márùn-ún. Mo mọ̀ pé ọjọ́ tí a ò bá tajà, a ò jẹun. Ẹ jókòó níta ìsọ̀ nígbà náà, kì í ṣe inú.

Géńdé tó ń dá gbé, bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó gba yàrá káàkiri ìlú: ẹ lè fo fúlúù, ẹ lè fo ẹ̀rọ ìka. Ẹ ra àyẹ̀wò ibà kan sílẹ̀, kí ẹ sì fi kọ́kọ́rọ́ kejì ti yàrá yín sọ́wọ́ aládùúgbò kan, torí ọjọ́ tí fúlúù bá gbé yín ṣubú, àtidìde lọ ṣílẹ̀kùn gan-an máa ń di iṣẹ́.